KÍ A TÓ GBA ṢỌ́Ọ̀BÙ NÍ ṢÁBẸ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÀWỌN ARÁ GÁNÀ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa nínú ọjà Ìjìó, àwa akọ̀wé yín náà la tún dé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Gbogbo wa la jọ jókòó níbi ìpàdé tó kọjá, nígbà tí àwọn àbúrò wa kan dá a lábàá pé kí a mú lára owó àjẹṣẹ́kù ẹgbẹ́, kí a fi gba ṣọ́ọ̀bù ní Ṣábẹ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí a máa kó èlùbọ́, gàrí, egúsí àti òrí lọ síbẹ̀. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní kí a lọ kíákíá, nítorí àwọn oníbàárà tó ń fi sẹ́fà ra ọjà lọ́wọ́ wa ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó máa fi owó ara rẹ̀ lọ. Ìyálọ́jà wá pàṣẹ pé kí àwa tí a mú kálámù dání wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí oníkálukú kà á, tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí, kí a tó tún pàdé. Ohun tí a rí rèé.

ÀWỌN TÓ TI LỌ ṢÁÁJÚ WA

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà ní ọdún 1889, ta ló bi èèyàn Ìjìó, Ṣábẹ tàbí Kétu léèrè? Èdè wa kò jìnnà síra, ọjà wa kò sì jìnnà síra. Kí wọ́n tó fa ilà náà làwọn ìyá wa ti ń ru ẹrù lọ, tí wọ́n ń ru ẹrù bọ̀.

Àmọ́ tí a bá fẹ́ mọ bí òwò ṣe ń dàgbà nílẹ̀ àjèjì, àti bó ṣe ń bàjẹ́, Gánà ni kí a wò. Nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast làwọn èèyàn wa ti ń lọ. Láti Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. (Àwọn ará Èjìgbò ní tiwọn gba Àbíjàn lọ, wọ́n sì wà níbẹ̀ dòní.) Nígbà tí ìjọba Gánà ka èèyàn ní ọdún 1960, àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ tó bíi 100,000. Ní Tamale nígbà náà, lókè àríwá Gánà, tí ẹ bá wọ ọjà, ẹ ó rò pé ọjà Òkè-Ògùn lẹ wọ̀. Ní Accra, Alata ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa. Ọṣẹ dúdú wa pàápàá, alata samina ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọn ò fi owó báńkì bẹ̀rẹ̀ o. Aṣọ tí wọ́n hun nílé ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ rù lọ. Wọ́n ń kiri láti abúlé dé abúlé. Nígbà tí owó bá ti ń pọ̀ díẹ̀, wọ́n á wá ìsọ̀ kékeré kan. Tí ìsọ̀ bá ti dúró, wọ́n á ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi àbúrò kan ránṣẹ́. Àbúrò á sìn fún ọdún mélòó kan, ẹ̀gbọ́n á fún un ní owó òwò, àbúrò náà á dá dúró, òun náà á tún ránṣẹ́ sílé. Ọkọ á fún ìyàwó ní owó díẹ̀, ìyàwó á fi da òwò tirẹ̀ sílẹ̀, èrè rẹ̀ sì di tirẹ̀. Bí òwò ẹnì kan ṣe di òwò ogún èèyàn nìyẹn.

Ìyá tó bí wa wà lára wọn. Ó bá bàbá wa lọ sí Tamale. Bàbá wa ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́. Ìyá wa gbé àtẹ lérí, ó ń kiri wọ́ṣíwọ́ṣí: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ọṣẹ. Ó sọ fún wa pé ohun tí òun kọ́kọ́ kọ́ nínú èdè Dagbani ni bí wọ́n ṣe ń ka owó, èkejì sì ni bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Odidi ọdún kan ló fi kiri kó tó gba ìsọ̀. Ó ní ọdún yẹn ni òun fi mọ ohun tí wọ́n ń rà nígbà òjò àti ohun tí wọ́n ń rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun sì mọ ẹni tó ń sanwó àti ẹni tí ń sá.

ỌJỌ́ MẸ́RÌNLÁ

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Gánà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré! Bàbá wa ti lo ọdún mẹ́tàdínlógún níbẹ̀. Kò ní ìwé kankan. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ rí, òun náà kò sì wá a. Ó ń san owó ìsọ̀, ó ń san owó orí, ó rò pé ìyẹn náà ti tó.

Ìyá wa ní ọjà tí òun fi pọ́n-ùn mẹ́wàá rà, iye tí òun rí gbà lórí rẹ̀ kò tó méjì, nítorí gbogbo ẹni tó ń ra ọjà ló mọ̀ pé ọ̀la lẹ̀ ń lọ. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó ńkọ́? Ta ló fẹ́ san gbèsè fún ẹni tó ń di ẹrù? Sídì tó kù lọ́wọ́ wọn, nígbà tí wọ́n délé, iye tí wọ́n rí ṣẹ́ kò tó nǹkan. Lórí lọ́rì tó kún fọ́fọ́ ni wọ́n bá dé, oyún wa nínú ìyá wa. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí wa.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìyá wa ní àdúgbò kan náà ni òun àti ìyá kan ń gbé ní Tamale. Ìyá yẹn lówó jù òun lọ fíìfíì. Gbogbo owó rẹ̀ ló fi kọ́lé sí Tamale, tó fi ra ìsọ̀ mẹ́ta. Ìyá wa kò lówó tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́dọọdún, tí ẹnì kan bá ń bọ̀ nílé, ó máa ń fi ìdì aṣọ kan ránṣẹ́ sí ìyá tirẹ̀ ní Ìjìó pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí gbogbo wọn padà délé, ẹni tó lówó jù kò ní ibi tó máa sọ ẹrù kà. Ìyá wa ṣí àpótí, ó bá ìdì aṣọ mẹ́jọ. Aṣọ mẹ́jọ yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ ọjà ní Ìjìó. Òun náà ló fi rán wa nílé ìwé títí a fi ka ìwé mẹ́fà, tí a fi lè kọ èyí tí ẹ ń kà yìí.

Kí a má sì dá Gánà nìkan lẹ́bi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Shagari níbí náà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì onílà tí wọ́n kó ẹrù sí la ń pè ní Ghana Must Go títí dòní, tí àwa náà ń tà lórí àtẹ. Ẹ máa rántí ìyẹn nígbàkígbà tí ẹ bá mú báàgì yẹn dání. Ìlú tí kì í ṣe tẹni, ìlú ẹlòmíràn ni.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ kiri kí ẹ tó gba ìsọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù, tó wá ń wá oníbàárà lẹ́yìn, owó ilé ló máa jẹ owó òwò rẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọjà lọ ní ọjọ́ ọjà wọn, kí a tà á, kí a padà wálé. Ṣé òsùwọ̀n tiwọn bá kóńgò wa mu? Ṣé èlùbọ́ dúdú ni wọ́n fẹ́ àbí láfún funfun? Kí ni owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀? Ohun tí ẹsẹ̀ ò bá tíì tẹ̀, ẹ má fi owó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì: ìwé. Ohun tó lé bàbá wa kúrò ní Gánà ni ìwé. ECOWAS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù karùn-ún ọdún 1975 ti bá wa ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1979 fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ìlú èkejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́, tó bá ṣáà ní ìwé ìrìnnà tó péye. Àmọ́ ẹ gbọ́ o: kí èèyàn wọlé yàtọ̀ sí kí èèyàn ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òfin tí Gánà ṣe ní ọdún 2013 ní ọmọ Gánà nìkan ló lè pàtẹ nínú ọjà tàbí kó máa kiri, àti pé àjèjì tó bá fẹ́ máa ra ọjà kó máa tà á gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kó sì gba ogún ọmọ Gánà síṣẹ́. Nígbà tó di 2019, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi àti Accra. Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe Gánà, òfin tiwọn yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ béèrè òfin tiwọn lọ́wọ́ ìjọba wọn ní Ṣábẹ, kí a gba ìwé rẹ̀, kí a má gba ti ẹnu ẹni tó fẹ́ yá wa nílé.

Ẹ̀kọ́ kẹta: owó ìlú méjì, ewu méjì. Ẹ gbọ́ ìtàn àwọn ìyá ọjà Lomé ní Tógò. Àwọn ló ń gba àǹkàrá láti ilẹ̀ Holland, tí wọ́n ń pín in fún ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n lówó débi pé Mercedes Benz ni wọ́n ń gùn, ló jẹ́ kí wọ́n máa pè wọ́n ní Nana Benz. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n já owó sẹ́fà sí méjì: 50 sẹ́fà ló ń gba owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Òru ọjọ́ kan ni aṣọ tó ń ti òkè òkun bọ̀ di ìlọ́po méjì. Oníbàárà sá. Lẹ́yìn náà ni aṣọ Ṣáínà tí kò wọ́n tún dé. Díẹ̀ nínú wọn ló kù tó ń gùn Benz. Tiwa náà kò jìnnà: dọ́là kan tí kò tó náírà 500 ní ìjọba kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, ó ti lé ní 1,500 kí 2024 tó parí. Ìyẹn ló mú kí ọjà wa rọ̀ lójú ẹni tó mú sẹ́fà dání. Ohun tó gùn lónìí lè sọ̀ lọ́la. Kí a má ṣe rò pé ọgbọ́n wa ló mú èrè yẹn wá, kí a má sì yá owó lé e lórí.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: bọ́dà lè tì. Ta ló gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2019? Ìjọba àpapọ̀ ti gbogbo bọ́dà ilẹ̀ pa, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ní oṣù kọkànlá 2019, wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo mọ́tò wá sí ilé epo tó wà láàrin kìlómítà 20 sí bọ́dà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ wà lódì kejì nígbà yẹn, ọjà náà di ti ẹni tó bá a níbẹ̀. Torí náà, ọjà tó máa wà ní Ṣábẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ju èyí tó jẹ́ pé tó bá ṣègbé, ẹgbẹ́ á ṣì dúró.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: ọjà tó mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn ìlú Yúróòpù tó para pọ̀ ní àwọn ò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́, nítorí oògùn kòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọdún kan, wọ́n tún sún un síwájú. Oògùn yẹn náà ló wà nínú Sniper, òun ló mú kí NAFDAC ní 2019 ka títa ìgò kékeré rẹ̀ nínú ọjà léèwọ̀. Ẹnì kan ló fín ẹ̀wà tirẹ̀ o, gbogbo orílẹ̀-èdè ló sì jìyà rẹ̀. Tí ẹnì kan nínú wa bá po èlùbọ́ mọ́ nǹkan mìíràn, tàbí tó fín egúsí, orúkọ Ìjìó ló bàjẹ́ yẹn. Ẹ tún rántí òrí: ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi oṣù mẹ́fà ka kíkó èso òrí tí a kò tíì fún jáde kúrò ní Nàìjíríà léèwọ̀, kí wọ́n lè máa fún un nílé. Kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù èso òrí, kó béèrè ibi tí òfin yẹn dúró sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni èlùbọ́: ohun oko tí a kò tíì fọwọ́ kàn àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ kì í san owó kọ́sítọ́ọ̀mù láàrin ìlú ECOWAS, àmọ́ ohun tí a ti lọ̀ lè ní ìwé tirẹ̀. Ìbéèrè kò gba owó lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ̀kọ́ kẹfà: ta ló máa jókòó síbẹ̀? Àwọn ará Gánà mọ̀ pé èèyàn ni òwò. Àbúrò tí wọ́n tọ́ ni wọ́n fi sí ìsọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ọjọ́ kan á dá dúró. Ẹgbẹ́ kò ní àbúrò, ìwé ìṣirò ló ní. Ẹ ò ṣàìmọ̀ pé lọ́dún tó kọjá, méjì nínú wa gbé àpò egúsí fún oníbàárà kan lódì kejì bọ́dà láwìn, láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí. Dòní, owó kò dé. A ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n mọ ara wọn, àánú wọn sì ṣe wá. Kò sí ilé ẹjọ́ tó wà nítòsí fún ẹni tó gbé ọjà kọjá bọ́dà láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ keje: ẹ mọ ìgbà tí ẹ ó pàlẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wa mọ Jumia, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012. Ó tàn ká Áfíríkà kíákíá. Àmọ́ ní 2019 ó pàlẹ̀ mọ́ ní Kamẹrúùnù àti Tànsáníà, ó kúrò ní Rùwáńdà ní 2020, nígbà tó sì di òpin 2024 ó tún kúrò ní Gúúsù Áfíríkà àti Túnísíà. Àwọn olówó ńlá nìyẹn o, tí owó wọn ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wá. Tí ìsọ̀ kan kò bá pa owó, wọ́n á tì í kó má baà jẹ ìsọ̀ tó ń pa owó run. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú ni kí èèyàn mọ̀ pé ọjà ò tà, kó máa yáwó láti fi ṣe fọ́rífọ́rí.

ÌMỌ̀RÀN TIWA

Ẹ má ṣe rò pé a ní kí a má lọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ìyá wa pàápàá kò kábàámọ̀ pé òun lọ sí Tamale. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a lọ bí ẹni tó máa padà wálé.

Kí a kọ́kọ́ kó ọjà lọ lẹ́ẹ̀mẹta, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, kí a tó sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kí owó tí a máa mú níbi àjẹṣẹ́kù má ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Kí èèyàn méjì lọ béèrè ìwé ní Ṣábẹ, kí wọ́n mú èsì rẹ̀ wá ní kíkọ. Kí ìwé ìṣirò méjì wà, ọ̀kan níbẹ̀, ọ̀kan níbí, kí a máa fi wọ́n wéra lóṣooṣù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà láwìn lódì kejì. Kí èrè oṣù kọ̀ọ̀kan sì máa padà wá sílé kí oṣù tó parí. Ìyẹn ni ìdì aṣọ tiwa. Tí ó bá pé ọdún kan, kí a jókòó, kí a wo ìwé, kí a sọ òótọ́ fún ara wa.

Àwa akọ̀wé ti sọ tiwa. Ẹ̀yin lẹ ni owó, ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́, ẹ̀yin lẹ ó dìbò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sílé lọ́jọ́ náà, kó wá máa kùn lẹ́yìn ọ̀la. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn ìyá wa ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní Gánà. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn kí a tó gbé ẹrù.

Ọjà á tà o. A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Ó dìgbà kan ná.